Ọkọ, Ìyàwó àti Ṣọ́bìrì Èédú

Bí a bá dé oríta Pen Cinema ní Agége lónìí, afárá ńlá tí ìjọba Èkó ṣí ní 2021 ni ojú ń kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n orúkọ ilé sinimá ni oríta náà ṣì ń jẹ́. Ta ni kò mọ eré kábọ́ì nínú wa, ti ẹṣin, ìbọn àti akẹtẹ̀ ńlá? Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ìjà inú rẹ̀ kì í ṣe ìjà ìbọn. Ìjà tọkọtaya ni.

McLintock! ni orúkọ eré náà, ọdún 1963 ni ó jáde ní Amẹ́ríkà. John Wayne ni ọkọ, ọlọ́rọ̀ tí màlúù rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Maureen O'Hara ni Katherine, ìyàwó rẹ̀. Obìnrin yìí ti kó jáde fún ọdún méjì láìsọ ìdí. Ó wá padà dé láti gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ó sì fẹ́ mú Becky, ọmọ wọn, lọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn ń yọ̀ ṣubú sínú kòtò ẹrẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Níkẹyìn, ọkọ lé ìyàwó káàkiri ìlú, ó mú un, ó fi ṣọ́bìrì èédú nà án ní ìdí lójú gbogbo ayé. Àwọn ará ìlú ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni ṣọ́bìrì náà tún ṣe? Ohun tó lé Katherine jáde ni pé ó fura pé ọkọ òun ń yan àlè. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan ni. Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé e. Ẹ tún wò ó: kí bàbá tó na ìyá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fẹ́ Becky ti fi ṣọ́bìrì na ọmọbìnrin náà, bàbá rẹ̀ gan-an ni ó sì fún un ní ṣọ́bìrì ọ̀hún! Àwa tíṣà mọ̀ pé ohun tí ọmọ bá rí nílé ni ó ń gbé wá sí kíláàsì.

Kì í ṣe pé ìjà tọkọtaya kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ọlá Rótìmí tiwa fi ṣe eré ní 1966, Our Husband Has Gone Mad Again. Lejoka-Brown fẹ́ Sikira nítorí ìbò àwọn obìnrin ọjà. Ìgbà tó yá, Sikira fúnra rẹ̀ bọ́ sínú òṣèlú. Ọkọ tó rò pé òun gbọ́n ni a ń fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ẹ wá wo ilé tiwa. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ìyàwó ń tajà ní Agége. Bí ọkọ ti ń wọlé láàárọ̀ ni ìyàwó ń gbé igbá jáde. Lọ́jọ́ kan ọkọ pẹ́, aládùúgbò sọ̀rọ̀ kan, ìyàwó gbé e mì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìkíni mọ́, owó oúnjẹ sì ń dínkù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ariwo, ẹni tí apá rẹ̀ le ni yóò kọ́kọ́ nawọ́. Nínú sinimá, òṣèré á dìde, á gbọn ara nù, á gba owó rẹ̀. Nílé, egbò ni.

Láti 2007 ni Èkó ti ní òfin lórí ìwà ipá nínú ilé. Ẹni tí wọ́n ń lù lè bẹ kóòtù fún àṣẹ ààbò. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Aláùsá, ní Ìkẹjà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ẹ̀yin ọkọ, ẹ béèrè. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ sọ ohun tí ń dùn yín. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ fún èédú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.