Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Ipò Yorùbá nínú Ìfidánrawò Èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín Akẹ́kọ̀ọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì ní Tánkè, Ìlọrin

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Tánkè kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò bá èdè mẹ́ta pàdé, ó kéré tán, kí ó tó dé Òkè-Odò. Yorùbá ni ìyá ẹlẹ́kọ fi ń dá oníbàárà lóhùn, Pijin ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dúró de ọkọ̀ fi ń bá ara wọn ṣàwàdà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kọ sára pátákó ilé-ìtajà àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó fa èyí kò ṣókùnkùn. Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1982 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ọgbà ńlá rẹ̀, Tánkè di ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì di ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n wá láti ìpínlẹ̀ káàkiri.

Ọmọ tí ó dàgbà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí. Síbẹ̀, igbe tí àwọn olùkọ́ ń ké kò yí padà: akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ kíláàsì àṣejáde, kò lè kọ ìpínrọ̀ kan tí gírámà rẹ̀ dúró ṣinṣin, bí ó bá sì la ẹnu, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àjèjì kò ní gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láìsí kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, agbára káká ni yunifásítì yóò fi gba ọmọ wọlé. Ọmọ Tánkè lè máa wo ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń kọjá níwájú ilé bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má sì rí ẹsẹ̀ gbé wọ inú ọgbà náà.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà wá ojútùú kò tọ̀nà. Wọ́n rò pé Yorùbá ni ó dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an ni irinṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò fún ìfidánrawò Gẹ̀ẹ́sì wà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìjìyà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní èdè

Gbogbo ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ni ó mọ ìtàn “fanákúlà”. Wọ́n á kọ orúkọ ọmọ tí ó sọ Yorùbá sílẹ̀, wọ́n á gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀. Ohun tí ọmọ náà kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, dídákẹ́ ni. Ẹni tí ó dákẹ́ kò ṣe àṣìṣe, ẹni tí kò ṣe àṣìṣe kò rí àtúnṣe gbà, ẹni tí kò sì rí àtúnṣe gbà, ibi tí ó wà náà ni yóò wà.

Irú èrò yìí ti kúrò ní ti ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2022, èyí tí ó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìpìlẹ̀ títí dé yunifásítì, ó sì di ẹrù ẹ̀bi ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò ru èdè abínibí. Ìbéèrè kan ni ó yẹ kí olùkọ́ Tánkè fi dáhùn: ṣé èdè abínibí ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ tí ń já kulẹ̀ wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi tipẹ́tipẹ́ kí ìlànà 2022 tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé lílé Yorùbá jáde ni ó ń mú Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ẹkún ti yẹ kí ó tán.

Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò gbe ìkéde náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí, bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé wọn yẹ̀ wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Apá kejì ìtàn yìí ni àwọn olùfẹ́ Yorùbá máa ń gbàgbé: kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dáńtọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èdè méjèèjì ni wọ́n tọ́jú.

Kò tilẹ̀ yẹ kí ará Ìlọrin lọ jìnnà kí ó tó rí àpẹẹrẹ. Ní ilé-kéwú, ààfáà yóò ka gbólóhùn Lárúbáwá, yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ kéwú yóò sì tẹ̀ lé e. Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory, tí ó gbé ayé láti 1917 sí 1992, kọ ìwé rẹpẹtẹ ní èdè Lárúbáwá, Yorùbá ni ó sì fi ń wàásù fún ìjọ rẹ̀. Bí Yorùbá kò bá ba Lárúbáwá jẹ́ ní ìlú yìí láti ọjọ́ pípẹ́, báwo ni yóò ṣe ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́?

Pípè: ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ àyálò

Ọ̀rọ̀ àyálò wà nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ń kọ́ nínú iṣẹ́ Yorùbá. Bí wọ́n ti sábà ń kọ́ ọ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ to ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sọ ibi tí a ti yá wọn. Àǹfààní ńlá ni wọ́n ń fi ṣòfò. Gbogbo ìṣòro pípè tí akẹ́kọ̀ọ́ ní nínú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ àyálò ti kọ sílẹ̀ bí ẹni kọ ìwé.

Yorùbá kò ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáńtì, kò sì gba kọ́ńsónáńtì láyè ní ìparí sílébù. Nítorí náà ni “bread” ṣe di búrẹ́dì, tí “belt” sì di bẹ́líìtì. Fáwẹ́lì ni ó wọ àárín àwọn kọ́ńsónáńtì láti là wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lóye òfin yìí yóò mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ ṣe sí “school” àti “film”, yóò sì lè kó o níjàánu. Bákan náà, nínú “Methodist” tí ó di Mẹ́tọ́díìsì àti “Catholic” tí ó di Kátólíìkì, ìró tí wọ́n fi “th” kọ ti di t. Nínú fídíò, v ti di f. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní. Fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lé ní méjì ìlọ́po èyí. Ogún ni wọ́n sábà máa ń kà á sí bí wọ́n bá ka àwọn alápapọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí “ship” àti “sheep” fi ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí i kan ni wọ́n bá nílé.

Èyí tí ó wuni jù ni ti ohùn. Gẹ̀ẹ́sì kì í lo ohùn bí Yorùbá. Agbára ni ó fi ń pe sílébù kan ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ti gbọ́ agbára náà tipẹ́, ó sì sọ ọ́ di ohùn òkè. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wo kọ̀ǹpútà: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Sílébù àárín gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì fi agbára pè. Kí ó wo hòtẹ́ẹ̀lì: ẹ̀yìn ni agbára wà, ẹ̀yìn náà ni ohùn ti gòkè. Kí ó wo tíṣà: iwájú ni. Òfin yìí kò bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu, nítorí pé dókítà ní ohùn òkè méjì nígbà tí ó jẹ́ pé sílébù àkọ́kọ́ nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ó tó láti ṣí etí akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí ó ti ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ láti kékeré ni yóò tètè gbọ́ pé “export” tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kì í ṣe ọ̀kan náà létí pẹ̀lú “export” tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tí ó kù tí yóò fi dánra wò ni gbígbé fáwẹ́lì sílébù tí kò ní agbára mì, nítorí Yorùbá kì í rẹ́ fáwẹ́lì kankan jẹ níbẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ síbí pé dídá ìdáhùn kan mú láàárín mẹ́rin lórí ìwé, bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìdánwò ìró Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, kò túmọ̀ sí pé ẹnu ti yọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ìdáhùn tí ó tọ̀nà láìla ẹnu rárá. Ìfidánrawò pípè, ẹnu àti etí ni.

Gírámà: ohun tí “máa ń” àti “ti” ń ṣe

Nínú gírámà, ohun tí wọ́n ń pè ní àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ Yorùbá tí ó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ nípa ìyá rẹ̀ pé “he is coming” kò ya òmùgọ̀; “ó” kan ṣoṣo ni ó tó fún akọ, abo àti nǹkan nínú èdè rẹ̀. Èyí tí ó sọ pé “they are calling you” nígbà tí ọ̀gá kan ṣoṣo ń pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Ìwà rẹ̀ dára, gírámà rẹ̀ ni kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu. Bí olùkọ́ bá fi pupa gé e láìsọ ìdí, yóò tún un ṣe lọ́la.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni òkè tí ó ga jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ara padà. Àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn márùn-ún sí apá òsì ìwé rẹ̀: Ó lọ. Ó ń lọ. Ó ti lọ. Ó máa ń lọ. Yóò lọ. Kí ó wá kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá ọ̀tún: “He went. He is going. He has gone. He goes. He will go.” Ojú rẹ̀ yóò là sí ohun méjì. Èkíní, “máa ń” tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì nílé kò ju “s” kan ṣoṣo lọ lóde. Ọmọ tí ó ń wá ohun tí ó wúwo tó “máa ń” ni ó ń sọ pé “I use to eat rice” nípa ohun tí ó ń jẹ títí di òní. Èkejì, “ó lọ” ti kọjá, ṣùgbọ́n “ó mọ̀” kò tíì kọjá, nítorí pé ìṣe ni lílọ, ipò ni mímọ̀. Ẹni tí kò bá rí ìyàtọ̀ yìí nínú Yorùbá yóò máa fi “He know” àti “He go” ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀: kò sí ìbejì láàárín èdè méjì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ka òkúta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Ènìyàn ń jẹ ẹ̀bà, ó ń jẹ gbèsè, ó ń jẹ oyè, ó sì ń jẹ ìyà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò. Yorùbá ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í gbọ́ òórùn. “Pẹ̀lẹ́” tí wọ́n fi ń kí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ọ́ di “sorry” fún Òyìnbó, onítọ̀hún lè béèrè ohun tí ó ṣe tí ó fi ń tọrọ àforíjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó ń bá a rìn, ní èdè méjèèjì, ni ọ̀rọ̀ yóò yá mọ́ lẹ́nu.

Àtakò kan àti iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Ẹnì kan lè sọ pé àfiwé nìkan kò lè mú ẹnu yọ̀, pé ẹni tí yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ odò wíwẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Níbi yìí ni Tánkè ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ àdúgbò kò ní: aládùúgbò tí kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ tí ó bá ń bá akẹ́kọ̀ọ́ Ebira tàbí oníṣòwò Ígbò sọ̀rọ̀ ní ìdí gidi láti lo Gẹ̀ẹ́sì, èyí sì sàn ju kí ó máa sọ ọ́ nítorí ìbẹ̀rù ìtanràn. Pijin tí ó ń gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó bàjẹ́. Èdè ni, ó ní òfin tirẹ̀. Kí ọmọ ṣáà mọ ààlà.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n yan wákàtí fún Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí àríyànjiyàn, ti ìwé kíkà sókè àti ti ìtàn sísọ, kí àṣìṣe má sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí Yorùbá ní wákàtí tirẹ̀ láìsí ẹgba.

Iṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Nínú àwọn tí ń kàwé gba NCE, àwọn kan wà tí wọ́n mú Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ka méjì ni wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tí ó so ó pọ̀ fún wọn. Ó yẹ kí ẹ̀ka méjèèjì jọ máa yẹ ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́ wọn wò kí wọ́n tó jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Kí olùkọ́ lọ́la tí yóò kọ́ni ní ọ̀rọ̀ àyálò mú kíláàsì rẹ̀ pe “bread” àti búrẹ́dì tẹ̀ léra. Kí èyí tí yóò kọ́ni ní ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ fa ìlà sí àárín pátákó, kí ó kọ èdè méjèèjì sí i. Kò gba owó, kò sì gba àṣẹ mínísítà.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ jáde. Yorùbá ni èdè ìyá rẹ̀, ó mọ Gẹ̀ẹ́sì débi pé àwọn elédè gan-an ń kà á sí, kò sì sọ ọ̀kan nù kí ó tó di èkejì mú. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Ọ̀nà yẹn ṣì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Tánkè. Bí ìjọba bá ti ìlẹ̀kùn iwájú mọ́ Yorùbá, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì lè jẹ́ kí ọmọ mú ẹ̀ṣọ́ ilé lọ́wọ́ bí ó ti ń jáde lọ. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá wẹ òsì, tí òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.