Fíìmù tó fi igbá owó hàn kọ́ ló ń polówó oògùn owó

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á mú ọmọkùnrin kan pẹ̀lú orí òkú nínú àpò, àwòrán rẹ̀ á gba orí fóònù gbogbo wa, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnìkan á ti sọ pé fíìmù Yorùbá ló kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tí yóò bèèrè pé fíìmù wo, ká má tiẹ̀ tíì sọ bí fíìmù ọ̀hún ṣe parí. Nígbà tí ọlọ́pàá mú àwọn ọmọdékùnrin kan ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 lórí irú ìwà yìí, ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí Facebook lòun ti lọ wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Síbẹ̀, fíìmù la bá wí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ariwo yìí wọ inú ìwé ìjọba. Shaibu Husseini, ọ̀gá àgbà àjọ NFVCB tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, kéde ní Enugu pé mínísítà ètò àṣà, Hannatu Musawa, ti fọwọ́ sí ìlànà tuntun tó tako oògùn owó, fífi èèyàn ṣètùtù àti sìgá nínú fíìmù, fídíò orin àti àwọn eré kéékèèké tá à ń pè ní skit. Kíá ni ìròyìn gba ìgboro pé wọ́n ti fòfin de oògùn owó nínú fíìmù. Èmi kọ́ iṣẹ́ òfin, àìsàn tó sì ń ṣe wá ni pé a máa ń ka àkọlé òfin ká tó pariwo. Bí mo ṣe ka àkọlé tiẹ̀, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi hàn mọ́. Ohun tó gbógun tì ni ìpolówó, àti ohun tí òyìnbó ń pè ní glamorisation: kí èèyàn kun nǹkan burúkú lẹ́wà títí yóò fi máa wu ẹni tó ń wò ó.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá mọ ẹni tó ń kùn ún lẹ́wà. Ní tèmi, fíìmù tó gbé igbá owó síta kọ́. Èyí tó fi mọ́tò hàn wá, tó fi ilé Lekki hàn wá, tó wá gbé igbá pamọ́, òun ni.

Ẹ rántí Living in Bondage, ọdún 1992. Andy fi Merit ìyàwó ẹ̀ ṣoògùn owó. Owó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú Merit ò jẹ́ kó gbádùn ẹ̀, ó ń yọ sí i níbi gbogbo títí Andy fi ya wèrè. Ẹni tó bá wo ìyẹn tán tó ní òun fẹ́ dà bí Andy, nǹkan ti ń ṣe é kó tó tan tẹlifíṣọ̀n. Fídíò orin ìṣẹ́jú mẹ́ta táwọn ọmọ ogún ọdún ti ń da owó sílẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ìyẹn ńkọ́? Kò sí igbá níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí babaláwo. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ò ní rí nǹkan kan gé kúrò.

Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé fíìmù oògùn ni fíìmù adẹ́rùbani tiwa, ọjọ́ ẹ̀ sì ti pẹ́. Hubert Ògúndé ti gbé Ayé jáde ní 1979, Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Nínú Ayé, òun fúnra ẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á ní fíìmù bẹ́ẹ̀ ti razz jù: èéfín funfun, iná pupa, ẹni tó pòòyì tó di ẹyẹ. Ẹ̀yin náà lẹ máa jókòó ti Train to Busan di aago méjì òru, tẹ́ ẹ máa ní iṣẹ́ ọpọlọ ni. Kí ló fi yàtọ̀ sí Kòtò Ayé ti Yẹ́kínì Àjíléye, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n ná sí i? Owó ọ̀hún pọ̀ o, mi ò jiyàn.

Araromi-Obu ni mo ti kọ́kọ́ wo Kòtò Ayé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ìpínlẹ̀ Òǹdó, nílé bàbá kan tó ń ra kòkó. Àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn àgbà á gba àga, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìnkùlé débi pé a ò ní gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Tó bá parí, ẹ̀gbẹ́ oko rọ́bà la máa gbà lọ sílé. Igi rọ́bà ò hù bí igi igbó. Ìlà-ìlà ni wọ́n gbìn ín, tó o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lálẹ́, ìlà yẹn ò lópin. Kò sí ẹyẹ àjẹ́ tó dẹ́rù bà mí tó ìyẹn. Ohun tó wá bá mi wọlé, tó bá mi dórí ẹní, ni pé nínú irú fíìmù yìí, ìkà kì í ti òkèèrè wá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Dracula ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa pa. Ní tiwa, ẹni náà ló bu oúnjẹ fún ẹ lánàá.

(Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ogun abẹ́lé dé Ọ̀rẹ̀ ládùúgbò wa ní 1967, ó sì gbóná débi pé títí dòní, Yorùbá ń sọ pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Túndé Kèlání ṣe fíìmù Ó Le Kú ní 1997, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọmọ yunifásítì ló dá lé. Èmi ṣì ń retí ẹni tó máa gbé kámẹ́rà kojú ìjà Ọ̀rẹ̀ gan-an.)

Kèlání yìí kan náà ló ṣe fíìmù tí mo máa jà lé lórí lónìí. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, ọdún 1993. Gbogbo ayé ń pè é ní fíìmù ẹ̀rín, torí pé Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo ní fíìmù adẹ́rùbani ni, mi ò sì mọ èyí tó dára jù ú lọ ní èdè Yorùbá. Ọ̀tún ìlú àtàwọn méjì mìíràn ta ilẹ̀ àwọn baba ńlá fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Àwọn tí wọ́n jọ ta ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò sí iwin tó yọ, ilẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ó kàn dúró. Ọ̀tún ń sá kiri bí ẹni tí akọ̀wé kóòtù ń lé pẹ̀lú ìwé ìpẹ̀jọ́. Àwọn tó kọ́ òfin ilẹ̀ á rántí pé Olóyè Olúwa ti Èkó, Amodu Tijani, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé Privy Council ní London, tí wọ́n sì dájọ́ ní 1921 pé ilẹ̀ ìran kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ìran ló ni ín. Ohun tí adájọ́ fi ìwé sọ, Kèlání fi òkú sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èwo ló kọ́kọ́ yé mi, kì í ṣe ti adájọ́.

The Figurine ti Kúnlé Afọláyan, 2009, náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì rí ère Araromire nínú igbó (orúkọ ẹ̀ jọ ti ìlú wa, ẹ̀rù sì kọ́kọ́ bà mí), ọdún méje oríire, ọdún méje òfò. Ní ìparí, a ò mọ̀ bóyá òrìṣà ló jà tàbí ọ̀rẹ́ ló ń fi ojú kòkòrò wo ìyàwó ọ̀rẹ́. Àwọn kan bínú pé wọn ò dá a lẹ́jọ́. Èmi gbà pé ọ̀rẹ́ ni, ìyẹn sì burú ju òrìṣà lọ.

Jagun Jagun ní tiẹ̀ ń kọrin sókè jù fún mi. Idà pọ̀, ariwo pọ̀, ẹ̀rù ò tó nǹkan. Ẹ máa bú mi bọ̀. Mo máa fi gbogbo ẹ̀ ra apá kan péré nínú Juju Stories, ọdún 2021, èyí tí wọ́n pè ní Yam. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lọ́mọdé pé ẹni tó bá ṣa owó lójú títì á di iṣu. Abba Makama gbé e bó ṣe rí, ní Èkó òde òní. Ẹ̀rín ni o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa wo náírà tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló tún fẹ́ ìkìlọ̀ lórí owó tí kò nídìí jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan fíìmù ni mo kà sí àwáwí. Nígbà tí Gangs of Lagos jáde lórí Prime Video ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àtàwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó bínú pé wọ́n wọṣọ Ẹ̀yọ̀ fún apààyàn. Mo fẹ́ràn fíìmù yẹn, àwọn tó ni Ẹ̀yọ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe ìtàn àròsọ, òkú wọn ni wọ́n fi ń yẹ́ sí.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù, ẹnikẹ́ni ò gbé e sínú ìlànà kankan. Nínú fíìmù oògùn wa, àti èyí tí mo fẹ́ràn, ìyá arúgbó ló sábà máa ń jẹ́ àjẹ́. Lóde ayé, wọ́n ń na irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, wọ́n ń lé wọn kúrò nílé. Abala 210 nínú Criminal Code sọ pé ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ ti ṣẹ̀ sófin, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Mélòó nínú yín ló mọ̀? Ṣùgbọ́n fíìmù míì ló máa tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Nínú Juju Stories yẹn náà, apá tí C.J. Obasi ṣe, Suffer the Witch, gbé ọ̀rọ̀ àjẹ́ kúrò lọ́dọ̀ arúgbó lọ sáàárín àwọn ọmọbìnrin yunifásítì. Sọ́ọ̀sì ò lè ṣe ìyẹn.

Abala 39 nínú ìwé òfin 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tó wà nínú wa. Abala 45 gba ìjọba láyè láti dí i kù, tí òfin ọ̀hún bá bọ́gbọ́n mu. Àjọ NFVCB sì ti ní irinṣẹ́ tó bọ́gbọ́n mu lọ́wọ́: wọ́n lè kọ 18 sára fíìmù, kí ọmọdé má wò ó. Èyí tó kù ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà tuntun náà ní gbangba pé fíìmù tó fi iye tí oògùn owó ń náni hàn ò sí lára ohun tí wọ́n dè, kì báà jẹ́ pé pásítọ̀ ò dé ní ìparí. Gbólóhùn kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Living in Bondage tuntun gbọ́dọ̀ lè kà á kó tó lọ yá owó.