Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ń Bọ́ Kọ́kọ́ Bọ́

Ẹ̀yin ọmọ Okun tí ẹ ń gbé Èkó, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wojú ẹni kejì. Ta ló kọ́ yín pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, kí ẹ rọ́ lu ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ogun ń lé? Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ fẹ́ bọ́, ẹ̀yin fẹ́ wọlé, kò sẹ́ni tó rìn. Ẹsẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀, àpò ń há, aboyún ń ké. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá pa dé mọ́ yín lójú, ẹ ó ní ìjọba ló burú.

Mo kúrò ní Ayewa, ní Kabba, lọ kí àwọn ọmọ mi l'Ékòó, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Marina lọ sí Mile 2 ní àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń re ilé. Kìlómítà 13 péré ni, ibùdókọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo gbọ́ èdè wa lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín àwọn tó ń ti ara wọn. Mo kí i pé, "Okun o." Ó yíjú, ó dọ̀bálẹ̀ ìlàjì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ máa bọ̀ níwájú." Inú mi dùn. Ó tún yíjú padà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó fi í sẹ́yìn. Obìnrin yẹn kì í ṣe ará Kabba, kò mọ bàbá ọmọkùnrin náà, kò sì lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn nílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí gan-an nìyẹn. Ẹ ní ẹ̀kọ́ ilé, mo fojú mi rí i. Àmọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ nìkan lẹ ń fi í hàn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà oko nìyẹn? Ẹni tí kò ru nǹkan ló ń yà sínú koríko fún ẹni tó ru iṣu. Bí onítọ̀hún bá ti ké "Àgò o!", a ó yà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́kọ́ béèrè pé ọmọ ta ni. Ẹ̀yin náà ṣe é nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ẹ má purọ́ fún mi.

Ẹ ó ní èrò pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ẹ bá LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà l'Ékòó, sọ ọ́, ìgbọ̀nwọ́ yín kò lè fi ọkọ̀ kan kún èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ tún ní ara yín ò gba ìdúró. Ẹ wo bí a ti dúró pẹ́ tó: ọdún 1983 ni Gómìnà Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irú ọkọ̀ yìí l'Ékòó. Ìjọba ológun Buhari fagi lé e lọ́dún 1985. Buhari kan náà ló padà wá ṣí Blue Line lóṣù Kìíní ọdún 2023, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni èrò tó wọ̀ ọ́. Nílé wa níbí ńkọ́? Ojú irin tó lọ láti Ìtákpè dé Warri, ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún 2020 ni Buhari ṣí i. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti di bàbá ọmọ. A dúró de ọkọ̀ Èkó fún ogójì ọdún, ẹ ò lè dúró kí ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀!

Kọ̀ndọ́kítọ̀ dáńfó tí ẹ ń bú pàápàá mọ̀ ọ́n: yóò kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń bọ́ bọ́, kó tó pe ẹlòmíràn wọlé.

Àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀n dé ló bí mi nínú jù. Láti 1863 ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, apá ọ̀tún ni ẹ máa ń dúró sí, kí ẹni tó ń kánjú lè ráyè gba òsì. Kò sẹ́ni tó ń nà yín kí ẹ tó ṣe é. Bí ẹ bá wá dé Èkó, ẹ ó dúró gbagidi sí òkè àtẹ̀gùn, ẹ ó máa wá káàdì Cowry nínú báàgì, èrò tó wà lẹ́yìn yóò máa ya lù yín. Kí ló dé tí ẹ ò mú káàdì dání láti ìsàlẹ̀?

Èyí tó kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹta, 2023, bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gba orí ojú irin kọjá nítòsí PWD, n'Ìkẹjà. Reluwé gbá a. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Lórí ọ̀nà reluwé Red Line, tí òun náà wà l'Ékòó, wọ́n ti kọ́ afárá sí Ìkẹjà, Mushin, Yaba àti Oyingbo kí ẹnikẹ́ni má baà bá reluwé du ọ̀nà mọ́, síbẹ̀ ẹ ṣì ń wá ibi tí ẹ ó ti fo ojú irin. Ti Blue Line tún yàtọ̀: irin kẹta wà níbẹ̀, iná mànàmáná ló ń gba inú rẹ̀, òun ló ń gbé ọkọ̀ náà rìn. Bí fóònù rẹ bá já síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni kó o pè. Má bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń mi orí, ẹ dúró ná. Mo rí bàbá kan tó já ìlà wá síwájú, tó ń bá géètì jà. Ó gbé káàdì lé e, kò ṣí. Ó tún gbé e, kò ṣí. Ó ní ṣé òun ni wọ́n fẹ́ dá dúró, ó ní òun ti bímọ bí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Owó inú káàdì rẹ̀ ló ti tán. Ọmọdébìnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ na ọwọ́, ó fi káàdì tirẹ̀ ṣí i fún un. Bàbá náà kò dúpẹ́. Irú wọn ló máa ń padà wálé lóṣù Kejìlá, tí wọ́n á di gbohùngbohùn mú nípàdé, tí wọ́n á ní ọmọ ìwòyí kò lẹ́kọ̀ọ́.