Awakọ̀ Kọ́, Ògbufọ̀ Ni: Lórí Èdè-Ìperí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Láti 1859 tí Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í ti í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Nítorí náà, 'ẹ̀rọ ìtẹ̀wé' kò le ẹnikẹ́ni lójú. Ibi tí ìṣòro wà ni àwọn ohun àìfojúrí tí ó wà láàrin kọ̀ǹpútà tí ẹnìkan ń lò nílé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹ wo èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ dírẹ́bà pè. Olùtumọ̀ tí ó bá ń kánjú yóò kọ 'awakọ̀' sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan náà kò wa ohunkóhun. Ẹ̀rọ kan gbọ́ PostScript, èdè tí Adobe gbé jáde ní 1984. Òmíràn gbọ́ PCL ti Hewlett-Packard. Ẹni tí ó dúró láàrin àwọn tí kò gbédè ara wọn, ògbufọ̀ ni Yorùbá ń pè é. Bí a bá fi ògbufọ̀ PostScript fún ẹ̀rọ tí PCL nìkan yé, ó lè máa tẹ àwọn àṣẹ PostScript fúnra wọn sórí bébà, ojú-ewé lórí ojú-ewé. Ta ni yóò ti inú 'awakọ̀' mọ ìdí rẹ̀? Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe kò ju 'ọ̀rọ̀' lọ nínú èdè Látìn tí ó ti wá; àwọn onígírámà Yorùbá kò tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni wọ́n wò.

Bákan náà ni 'èbúté' kò bá ibi tí iṣẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ mu. 'Ẹnu-ọ̀nà' dára jù: ẹ̀rọ kan, ọ̀pọ̀ ẹnu-ọ̀nà, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. 515 ni ti ìlànà LPD àtijọ́, 631 ni ti IPP, 9100 sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì fi ń gba iṣẹ́ tààrà.

'Àdírẹ́sì' ló léwu jù, nítorí pé ó jọ ohun tí ó rọrùn. Irú nọ́ńbà bíi 192.168.1.50 kì í ṣe ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo láyé. RFC 1918 ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé láti 1996, ilé tàbí ọ́fíìsì yòówù ló sì lè lò wọ́n. Ó dà bí 'yàrá kẹta': ilé wo ni kò sí? Olùkọ́ tí ó bá jókòó sílé, tí ó kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ ọ́fíìsì sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, inú ilé ara rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà yóò ti máa wá a. Yóò yọ ògbufọ̀ kúrò, yóò tún un fi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ògbufọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀nà àdáni tí ọ́fíìsì là sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní VPN, ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà wọlé kí ó tó béèrè yàrá kẹta. Bí ìwé ìtọ́ni bá kọ 'àdírẹ́sì abẹ́lé' dípò 'àdírẹ́sì' lásán, òǹkàwé yóò ti fura pé nọ́ńbà náà kò wúlò lẹ́yìn ògiri.

Ní ti àwọn iṣẹ́ tí ń dúró de títẹ̀, 'ìlà' ti tó. Ẹni tí ó bá ti tò ní báńkì rí kò nílò àlàyé.