Kòkòrò Kì í Ṣe Orúkọ

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ó lè ya yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ inú ìfun ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó gbé mi débẹ̀.

Inú ń run ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ara rẹ̀ sì gbóná, a bá gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi gbé ìwé jáde: ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ọmọ lo oògùn tán, ara kò yá. A gbé e padà. Ìwé kan náà, àrùn kan náà. Àyẹ̀wò Widal ni wọ́n ṣe fún un, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1896. Àyẹ̀wò yìí kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara gbé dìde nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wò, wọ́n sì lè ti wà níbẹ̀ láti inú àìsàn àtẹ̀yìnwá. Ipasẹ̀ olè ni a rí. Bóyá ti àná ni, bóyá ti èṣí ni, a kò mọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ ìwé kan jáde ní 2011 tí ó pè ní Divining Without Seeds. Nígbà tí mo rí àkọlé náà, ikin ni ọkàn mi lọ sí. Babaláwo wo ni yóò jókòó ti ọpọ́n láìsí ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò máa dárúkọ odù fún oníbéèrè? Àwa fúnra wa ni a ó lé e. Ṣùgbọ́n bí a ti ń fojú díwọ̀n àrùn nìyẹn, nítorí pé ilé àyẹ̀wò tí ó yanrantí kò tó.

E. coli wà lára ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí. Theodor Escherich, oníṣègùn ọmọdé, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Jámánì ní 1885. Ó wà nínú ìfun yín bí ẹ ti ń ka èyí, kò sì ṣe yín ní nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn ń fa ìgbẹ́ gbuuru tí ń pa ọmọ ọwọ́. Tí a bá fi maikirosíkóòpù wò wọ́n, bákan náà ni wọ́n rí. Inú DNA ni ìyàtọ̀ wà, àkọsílẹ̀ tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ. Nígbà tí wọ́n ka ti ìran K-12, tí kì í pani lára, jáde ní 1997, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́tà. Ní 2001 wọ́n ka ti O157:H7, èyí tí ó léwu: jíìnì tí ó wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú K-12 lé ní 1,000. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ka-èdè, ṣé èdè kan náà ni a ó pe ìyẹn?

Wọ́n a sì máa yá nǹkan bí èdè ti ń ṣe. Àwa yá wàhálà lọ́wọ́ Haúsá. Àwọn náà ń yá jíìnì lọ́wọ́ ara wọn, fáírọ́ọ̀sì a sì máa gbé e kiri fún wọn. Ní 2011, àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó mú, ó sì pa ju 50 lọ. Kùkúńbà láti Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì pàdánù gidigidi kí a tó rí i pé irúgbìn híhù tí wọ́n ń jẹ ní tútù ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti ka DNA kòkòrò náà. Ó jẹ́ ti ìdílé kan tí ń tò jọ mọ́ ara ìfun bí búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò, ìdílé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Okeke mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti yá jíìnì olóró kan láti ibòmíràn.

Inú mi dùn pé ní Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ń ka irú àkọsílẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń bá àwọn ará Kòlóńbíà, Íńdíà àti Filipíìnì ṣe é pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú àwa onímọ̀ èdè. Onígbáméjì, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìgbẹ́ gbuuru: àwọn baba wa fún ohun tí ojú wọn rí lórúkọ, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Nígbà tí ó kan ohun tí ojú kò rí, kòkòrò nìkan ni a mú, ọ̀rọ̀ tí a tún ń pe èyí tí ń jẹ ẹ̀wà. Ìyá tí ó gbọ́ kòkòrò yóò ra apakòkòrò. Flagyl ni yóò rà, oògùn tí kò ran E. coli rárá. Bí ó bá ra èyí tí ó ràn án, ìlò ìlòkulò a sọ ọ́ di aláìwúlò.

Mo ti dá asomọ́fun lábàá fún ìdílé tí ń tò bíi búlọ́ọ̀kù yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó dún bí orúkọ àgbo. Mo ní kí ó mú tirẹ̀ wá. Mo ṣì ń retí.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ibòmíràn ni a gbé e lọ níkẹyìn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi sínú àwo kí ohun tí ó bá wà níbẹ̀ lè hù, wọ́n sì ní kí a dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò jẹ̀funjẹ̀fun kò sí níbẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Ohun tí ó ṣe é gan-an, kò tíì sí ẹni tí ó bá wa dárúkọ rẹ̀.