Ẹ Máa Se Ẹran Kí Ẹ Tó Fún Ajá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ajá ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni yóò dà kí a tó parí rẹ̀.

Ní ibi ìsọmọlórúkọ kan tí a lọ láìpẹ́ yìí, wọ́n pa àgbò. Bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń tú inú rẹ̀, wọ́n rí àwọn àpò omi funfun kéékèèké lára fùkù àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá wa ní àwọn kò ní sè é. Ni ọmọkùnrin kan bá jù ú sí ajá onílé, ajá sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà níbẹ̀, a sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

A kò lè bá ọmọkùnrin náà wí, nítorí pé ní ilé tiwa náà, fún bí oṣù mẹ́rin, ẹran tútù ni à ń fún ajá wa. Àbúrò wa kan tí ó wà ní London ni ó sọ fún wa lórí tẹlifóònù pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń ṣe nísinsìnyí, pé irun ajá yóò máa dán, ara rẹ̀ yóò sì le. Àwa náà rò pé yóò rorò sí olè. Láràárọ̀ ni a ń ra àjẹkù orí tábìlì alápatà, tí a sì ń dà á sínú abọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. A ní òtútù Jos kò ní jẹ́ kí ó bàjẹ́.

Kò pẹ́ tí ajá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọmọ-ọmọ wa, ẹni ọdún méjì, tí òun àti ajá jọ máa ń yí lórí ẹní kan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa omi sí i lára. Dókítà bi wá léèrè omi tí à ń mu àti oúnjẹ tí à ń jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, “Ẹ ní ajá nílé? Kí ni ẹ̀ ń fún un jẹ?” Nígbà tí a sọ fún un, ó mi orí. Kò búra pé ajá ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó ní kí a má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ náà ti ń sáré kiri.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí. Oníṣègùn ẹran kan ní ilẹ̀ Australia, Ian Billinghurst, kọ ìwé ní ọdún 1993 pé kí a máa fún ajá ní ẹran tútù àti egungun tútù, bí àwọn baba ńlá wọn ti ń jẹ ẹ́ nínú igbó. Lóòótọ́, inú ẹ̀yà ìkookò ni ajá ti jáde. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Sweden fi hàn pé ara ajá ti yí padà láti ìgbà tí ó ti ń bá ènìyàn gbé, tí ó fi lè lo oúnjẹ bí àgbàdo àti ọkà dáradára ju ìkookò lọ. Nítorí náà, àwọn baba wa tí ń fún ajá ní ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ kò fi ìyà jẹ ẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn yẹ oúnjẹ ẹran tútù 196 tí wọ́n ń tà fún ajá àti ológbò wò. Wọ́n rí kòkòrò àrùn Salmonella nínú 15, wọ́n sì rí èyí tí à ń pè ní Listeria nínú 32. Bí èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọ́n sì fi yìnyín pamọ́ bá rí báyìí, kí ni a ó sọ nípa èyí tí eṣinṣin ti bà lé láti òwúrọ̀? Òtútù a máa dá kòkòrò wọ̀nyí dúró ni, kì í pa wọ́n. Ajá lè gbé wọn kiri ní ẹnu àti ní ìdí rẹ̀ láìṣàìsàn rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fùkù àgbò nì ni ó bà wá lẹ́rù jù. A lọ bi oníṣègùn ẹran kan. Ó ní òun kò lè fi ojú tí kò rí i dá a mọ̀, ṣùgbọ́n aràn kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú irú àpò omi bẹ́ẹ̀ lára àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù àti ràkúnmí, wọ́n sì ti rí i ní ilé ìpẹran ní àríwá Nàìjíríà níhìn-ín. Bí ajá bá jẹ ẹ́ ní tútù, yóò di aràn nínú ìfun ajá, èyí tí kò gùn tó èékánná ọmọdé. Ẹyin rẹ̀ yóò máa bá ìgbẹ́ ajá jáde, yóò lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ àti ilẹ̀. Ọmọ tí ó fọwọ́ pa ajá lára tí ó sì fi ọwọ́ náà jẹun lè gbé ẹyin náà mì. Àpò omi náà yóò wá hù nínú ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù ọmọ náà, yóò máa dàgbà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà púpọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó jẹ fùkù kọ́ ni ó ń kó o, láti ọ̀dọ̀ ajá ni ó ti ń wá.

Àrùn yìí kan náà ni ó gbilẹ̀ rí ní erékùṣù Iceland, níbi tí àgùntàn pọ̀ sí. Ní ọdún 1863, Harald Krabbe, ọmọ ilẹ̀ Denmark, la inú ajá 100 níbẹ̀, ó sì bá aràn náà nínú 28. Ní ọdún kejì rẹ̀, wọ́n pín ìwé kékeré kan tí ó kọ kiri ilé gbogbo, pé kí wọ́n má ṣe fún ajá ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n gbọ́, òfin sì tẹ̀lé e. Lónìí, àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Bí ìwé kékeré bá lè ṣe èyí fún wọn, ìwé ìròyìn tiwa náà lè ṣe é.

Nítorí náà, a bẹ gbogbo ìdílé. Ẹ se ẹran ajá, pàápàá nǹkan inú ẹran, kí ó hó fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Ẹ má fi alùbọ́sà sí i, nítorí ó ń pa ajá lára. Ẹ yọ egungun kúrò, nítorí egungun tí a ti sè a máa fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì lè gún ìfun ajá. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ sè, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ajá má baà hú u. Ẹ fún ajá ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ẹ má sì gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Vom tí ó wà nítòsí wa ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba wà láti ọdún 1924, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Ní ti pé ẹran tútù ń mú ajá rorò, a ti fi tiwa dán an wò. Olè wọ ọgbà wa, ó gbé ìkòkò méjì lọ, ajá kò sì gbó. Nísinsìnyí tí ó ti padà sídìí ẹ̀kọ àti ẹran sísè, ó ń gbó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iléyá ń bọ̀, ìsọmọlórúkọ kò sì ní tán láàárín wa. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń tú inú àgbò, kí ẹnìkan dúró ti ajá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó di ìgbà mìíràn, kí Ọlọ́run dá gbogbo ọmọ wa sí.