Ìbàjẹ́ Kọ́, Àìgbédè Ni

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí nípa ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nípa ìṣòro ohun-èlò. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé a ti sọ 'bàjẹ́' di orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo ìṣòro kọ̀ǹpútà, àti pé àṣà yìí lè mú kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí kò kú.

Ẹ jẹ́ kí á fi ètò ímeèlì tí ń jẹ́ Eudora ṣe àpẹẹrẹ. Steve Dorner ni ó ṣe é ní 1988 ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà. Orúkọ òǹkọ̀wé obìnrin nì, Eudora Welty, ni ó fi sọ ọ́. Ní 2006 ni ẹ̀dà rẹ̀ ìkẹyìn fún kọ̀ǹpútà Macintosh jáde. Èdè tí ọpọlọ ẹ̀rọ tí à ń pè ní PowerPC ń gbọ́ ni àṣẹ inú ẹ̀dà náà wà. Ní ọdún yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ Apple bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tí ó ní ọpọlọ Intel, èdè tí òun ń gbọ́ sì yàtọ̀. Kí ètò àtijọ́ má baà dákẹ́, wọ́n fi ògbufọ̀ kan, Rosetta, sínú ètò adarí, èyíinì ni ètò tí ń darí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò adarí tuntun tí ń jẹ́ Lion dé ní 2011, wọ́n ti yọ ògbufọ̀ náà kúrò. Ẹni tí ó lo Eudora lálẹ́, tí ó sì fi Lion rọ́pò ètò adarí àtijọ́ lówùúrọ̀, rí i pé Eudora kò ṣí mọ́.

Kí ni ó bàjẹ́ níhìn-ín? Kò sí. Ara ẹ̀rọ le. Eudora wà bí ó ti wà. Àwọn lẹ́tà kò sì sọnù, nítorí inú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni Eudora ń kó wọn sí. A lè ṣe àdàkọ wọn, kí á sì kó wọn wọ inú ètò ímeèlì mìíràn. Ògbufọ̀ nìkan ni kò sí nílé. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá wí pé 'ó ti bàjẹ́', ààtàn ni ọkàn ẹni tí ó ni í yóò lọ. Yóò pa ètò náà rẹ́, yóò sì pa lẹ́tà ọ̀pọ̀ ọdún rẹ́ mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò wí pé 'bàjẹ́' ni gbogbo ayé ń lò, kí ni a tún ń wá? Ìdáhùn wa ni pé Yorùbá kò fi ìgbà kan kó gbogbo àbùkù sínú àpò kan. Iṣu a máa rà, aṣọ a máa gbó, ìkòkò a máa fọ́, ọ̀bẹ a máa kú. Ọ̀bẹ tí ó kú, pípọ́n ni à ń pọ́n ọn. A kì í jù ú nù. Orúkọ àbùkù ti fi ọ̀nà àtúnṣe hàn.

Nítorí náà, a dábàá 'àìgbédè' fún ìṣòro ètò tí ètò adarí tuntun kò lè lò mọ́. A ti ro 'àìgbọ́ra-ẹni-yé' wò, ṣùgbọ́n ìjà ni ó ń mú wá sí ọkàn. Kí 'ìbàjẹ́' wà fún ohun tí ara rẹ̀ gan-an ti yingin, kí 'ìsọnù' sì wà fún fáìlì tí a kò rí mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Eudora: ní 2019, ètò adarí tí ń jẹ́ Catalina kọ gbogbo ètò alábíìtì 32.

A kò sì fara mọ́ 'ìgbéga' fún ìyípadà ètò adarí. Ta ni ó ń béèrè ohun tí ó sọnù lọ́jọ́ tí a gbé e ga? 'Ìpààrọ̀' sàn jù, nítorí ẹni tí ó ń ṣe pàṣípààrọ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń kúrò lọ́wọ́ òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò rántí ṣe àdàkọ lẹ́tà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè kí ẹ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, kí ẹ sì sọ ti yín.